Ẹbọ Oṣooṣù Tí Ifá Kò Ní Ká Rú

Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má sá.

Àǹtí kan wà nínú ilé wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n nítorí ipò mi nídìí òrìṣà, Ìyá ni wọ́n ń pè mí. Oṣù méjì gbáko la ò fi rí wọn. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní, "Ìyá, ojú ló ń tì mí. Owó ọkọ̀ ò sí, owó obì ò sí. Mi ò lè máa wá lọ́wọ́ òfo."

Mo ní, "Àǹtí, ta ló bi yín léèrè owó? Omi tútù ti tó." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Àǹtí ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń gbowó oṣù. Ibo wá ni owó náà ń gbà lọ?

Mo lọ sílé wọn, a jókòó ti ìwé báńkì oṣù mẹ́ta. (Mo ti gba àyè lẹ́nu wọn kí n tó sọ èyí.) A ka owó tó ń yọ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù. Mọ́kànlá ni. Ibi eré ìdárayá tí wọn ò dé láti ìgbà òtútù èṣí, £25. Fíìmù kejì tí ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n fún kó tó lọ sí yunifásítì, £11. Kíláàsì Ifá orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn ò wọlé sí mọ́, £20. Fóònù wọn ńkọ́? Wọ́n ti san owó rẹ̀ tán, síbẹ̀ £38 ló ń lọ, nígbà tí £10 tó fún síìmù nìkan. Nínú mẹ́rin yìí nìkan, £84 ló ń ṣòfò lóṣù. Lọ́dún, £1,008.

Àǹtí wo ìwé náà títí. Wọ́n ní, "Ìyá, owó yìí ì bá ti gbé mi délé lọ rí màmá mi."

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká ronú nípa ẹbọ. Nínú ìṣẹ̀ṣe, nǹkan kì í ṣàdédé kúrò lọ́wọ́ wa. A ó kọ́kọ́ béèrè. A ó da obì, tàbí kí babaláwo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Kí ni ká fi rúbọ? Ta ni yóò gbà á? Níbo ni ká gbé e lọ? Bí ẹbọ bá sì ti fín, tó dà, ó parí nìyẹn. Èṣù ti gbé e dé ibi tó yẹ. A kì í máa rú ẹbọ àná lóṣooṣù láìtún béèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn owó àsansílẹ̀ wọ̀nyí. Ọjọ́ kan ṣoṣo la sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni", bóyá torí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni oṣù àkọ́kọ́, bóyá oorun ló ń kùn wá. "Bẹ́ẹ̀ ni" ọjọ́ yẹn ló ṣì ń sọ̀rọ̀ lórúkọ wa lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn pé kí Àǹtí kó £132 sílẹ̀ fún fíìmù tí wọn ò wò, wọ́n á lé e jáde. £11 lóṣù ló ń gbà, kò sì kan ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe pé dídá owó lóṣooṣù burú. Àwọn baba wa mọ èsúsú dáadáa. William Bascom, tó ṣèwádìí nípa Ifá, kọ̀wé lé e lórí ní 1952. Ṣùgbọ́n nínú èsúsú, o mọ ojú ẹni tẹ́ ẹ jọ ń dá a, o mọ ìgbà tó kàn ọ́, owó rẹ á sì padà wá.

Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀, kí la kọ́kọ́ ń ṣe? A ń da omi àná nù, a ń kó obì tó ti gbẹ kúrò, ká tó bu omi tuntun síwájú òrìṣà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún owó yín. Ẹ mú ìwé báńkì oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àkójọ Direct Debit nìkan, nítorí èyí tẹ́ ẹ fi nọ́ńbà káàdì san kì í sí níbẹ̀. Níbí ní Bìrìtìkó, ẹ lè sọ fún báńkì yín tààrà pé kí wọ́n dá owó orí káàdì dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú, torí bí àdéhùn bá ṣì wà, ó lè di gbèsè. Ní ti fóònù, ẹ tẹ INFO ránṣẹ́ sí 85075. Wọ́n á sọ fún yín bóyá àdéhùn yín ti parí.

Bí obì aláwẹ́ mẹ́rin, ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta ló ń lò ó? Ìgbà wo la lò ó kẹ́yìn? Bí wọ́n bá bi wá lónìí, ṣé a ó tún gbà? Kí ni owó yìí ì bá ṣe? Èyí tó bá dáhùn ire, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Àǹtí fi owó orin sílẹ̀, torí iṣẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe, orin ló sì ń bá wọn sòrọ̀. Ọ̀ṣun ò kórìíra ìgbádùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, èyí tó dùn mí jù. Kíláàsì Ifá tí mo kà yẹn, àwa onísìn la ń gba irú owó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo wo ìwé ẹgbẹ́ tiwa. Èèyàn méje ló ń sanwó lóṣooṣù tí wọn ò yọjú fún ohun tó lé lọ́dún kan. Mo mọ̀. Owó ń wọlé, mo dákẹ́. Mo ń jẹ nínú ẹbọ tí ẹni tó rú u ti gbàgbé. Mo pe àwọn méjèèje. Mẹ́rin ní kí n dá a dúró, mẹ́ta ní kó máa lọ. Owó ilé dín kù, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀. Láti ìsinsìnyí, lọ́dọọdún nígbà ọdún Ifá, a ó máa bi olúkúlùkù tuntun. Ẹni tí kò bá dáhùn, a ó dá tirẹ̀ dúró.

Àǹtí padà wá lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú obì kan. Wọ́n ti ń kó £84 yẹn pa mọ́ lóṣooṣù, fún ọ̀nà ilé.

Orí wa ò ní gbàgbé wa. Ohun tí a bá fọwọ́ ara wa fún ni, a ó mọ ẹni tó gbà á. Ajé á wọlé wá, kò ní rí ihò gbà jáde. Èṣù á fi ọ̀nà hàn wá, àwa náà á sì lajú rí i. Àwọn tó ń retí wa nílé, a ó bá wọn láyé.

Àṣẹ.