Babaláwo àti Ẹlẹ́ja Kado

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, mo wà ní ọjà ẹja Kado, l'Abuja, èéfín èédú ń ta mí lójú. Obìnrin tó ń sun ẹja àrọ̀ fún mi, ọmọ Kàbbà ni, fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Ìka rẹ̀ tó kéré jù, tí epo àti ata ò tí ì kàn, ló fi ṣí fóònù tó fi ọ̀rá wé.

"Ẹ̀gbọ́n, owó yín ti wọlé o. Ẹ jókòó, kò ní pẹ́."

Ojú tì mí díẹ̀. Ní 2019, ibí yìí kan náà ni mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ẹlẹ́ja ò ní gba tiransífá láéláé, pé owó tí wọn ò bá fọwọ́ ara wọn kà, wọn ò ní ka ìyẹn sí owó. Mo tiẹ̀ fọwọ́ gbá tábìlì.

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọ̀pọ̀ wa ń pa òwe yìí láti fi tu ẹni tí ìyà ń jẹ nínú. Kò burú, àmọ́ ìdajì òwe nìyẹn. Ta ni wọ́n dárúkọ nínú ìdajì kejì? Wọn ò dárúkọ ọ̀gbẹ̀rì. Babaláwo ni, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ṣẹ́, tí ẹsẹ Ifá kún ikùn rẹ̀. Òun gan-an ni kò gbọdọ̀ fi ohun tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ sọ lọ́jọ́ márùn-ún sẹ́yìn ṣe ìrọ̀rí. Bí ìmọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni gbèsè àtúnwò ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ sì kíyè sí i pé òwe náà ò ní kí babaláwo yé dífá. Kó padà síbi ọpọ́n ló ní kó ṣe.

Ẹ wo Robert Metcalfe: ó wà lára àwọn tó ṣẹ̀dá Ethernet, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní 1995, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn InfoWorld pé íntánẹ́ẹ̀tì máa dojú dé ní 1996. Ó ní bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun á jẹ ọ̀rọ̀ òun. 1996 kọjá, íntánẹ́ẹ̀tì ò kú. Ní 1997, níwájú àpéjọ àwọn onímọ̀, ó kó bébà tó kọ ọ̀rọ̀ náà sí sínú ẹ̀rọ ìlọta, ó da omi sí i, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e mì. Yorùbá a máa bú ẹni tó bá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, àmọ́ èmi ò rò pé ọkùnrin yìí tẹ́. Ó dá ọjọ́, ọjọ́ pé, ó sì yọjú.

Nílé wa ńkọ́? Nígbà tí GSM dé ní 2001, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ń sanwó odindi ìṣẹ́jú kan. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù tó kọ́kọ́ dé ní kò tí ì ṣeé ṣe láti máa kà á ní ìṣẹ́jú-àáyá. Glo wọlé ní oṣù kẹjọ 2003, àtìgbà tó ti wọlé ló sì ti ń kà á bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní kò ṣeé ṣe náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Kò sẹ́ni tó jẹ bébà kankan.

Ní 25 oṣù kẹwàá 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí eNaira, náírà orí ẹ̀rọ, níbí l'Abuja. Ó ní irú owó yìí àti ìmọ̀ tó gbé e dúró lè fi bílíọ̀nù 29 dọ́là kún ọrọ̀ ajé wa láàárín ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí IMF yẹ̀ ẹ́ wò ní 2023, nínú ọgọ́rùn-ún àpò eNaira, èyí tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ò pé méjì. Kò yà mí lẹ́nu. Láti 2011 ni owó ti ń fò láti báńkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. eNaira wá dà bí ẹni ń ta omi létí odò. Kódà nígbà tí wọ́n ń fi owó tuntun rọ́pò àtijọ́, tí owó bébà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, OPay, PalmPay àti Moniepoint lọ̀pọ̀ èèyàn sá lọ bá. Ọdún mẹ́wàá náà ò tí ì pé o, n ò sì fẹ́ sọ ohun tí màá jẹ ní 2031. Ohun tó ń dùn mí ni pé n ò rí ẹni tó gbé ọpọ́n jáde ní gbangba láti tún un dá.

Mo bi ẹlẹ́ja mi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba tiransífá. Ó ní ìgbà ọ̀wọ́n owó yẹn ni.

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó bà mí. Ṣùgbọ́n ẹja kì í dúró de owó tuntun, ẹ̀gbọ́n."

Ọwọ́ tó ń ka owó ni mo wò ní 2019. N ò wo ẹja.

Ó gbé àwo síwájú mi, àlùbọ́sà gbígé lórí, ó wá bi mí bóyá wọ́n tún máa gbé nǹkan mìíràn dé tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ fóònù yìí. Mo ti lanu tán. Mo pa á dé, mo ní kó bi mí ní ọrún tó ń bọ̀.