Ẹ Wọlé Pẹ̀lú Ṣéńjì Yín

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò wọ dánfó rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí dúró sí Ìyànà-Ìbà ní Èkó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASU, oníṣòwò Alábà àti òṣìṣẹ́ tó ń sáré lọ sí Máìlì Tú ti jọ ń du ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ kan, wọn yóò rí i pé òwe náà kò tíì gbó. Ṣéńjì ni obì ibẹ̀, àpò kọ́ńdọ́ ló sì wà. Ẹnu tí èrò fi béèrè rẹ̀, àti ibi tí ọkọ̀ dé kó tó la ẹnu náà, ló ń sọ bóyá yóò bọ́ síta wọ́ọ́rọ́wọ́ tàbí yóò di ìjà tí gbogbo ọkọ̀ yóò bá wọn dá sí.

Kò sí ẹni tó gba ojú ọ̀nà Badagry kọjá tí kò mọ ìkéde náà: "Okóko, Okóko! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o! Mi ò ní ṣéńjì o!" Ó ti pọ̀ létí débi pé ọ̀pọ̀ èrò kà á sí ariwo lásán, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ fèrè ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ àdéhùn ni. Kọ́ńdọ́ ti sọ tirẹ̀ kí táyà tó yí. Èrò tó gbọ́, tó wọlé, tó jókòó jẹ́ẹ́, tó wá na ẹgbẹ̀rún náírà síta nígbà tí ọkọ̀ dé bọ́sítọ́ọ̀bù Vóòks, fún owó ọkọ̀ tí kò tó ìdajì rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ da àdéhùn. Bó ti wù kó pariwo tó, ẹjọ́ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Nígbà owó ẹyọ, irú wàhálà yìí kò wọ́pọ̀. Ogójì ẹyọ owó ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ orí kan, ìyẹn 2,000. Orí mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000, ẹrù gidi lórí ẹni tó bá ń rù ú lọ sọ́jà. Owó náà wúwo, kíkà rẹ̀ sì ń gba àkókò, ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan kéré níye débi pé ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀kọ lè ka iye rẹ̀ gẹ́lẹ́ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin fi lè pàtẹ ọjà sẹ́bàá ọ̀nà oko, kí wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ sí i láti fi sọ iye rẹ̀, kí wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹni tó bá mú ọjà a ka owó sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó jẹ ẹnikẹ́ni ní ṣéńjì.

Náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, òun pẹ̀lú kọ́bọ̀ onírin. ₦20 tó ní àwòrán Murtala Muhammed, tí àwọn ará Èkó sọ ní Múrí, jáde ní 1977. ₦50 dé ní 1991. Lẹ́yìn náà ni eré wá yá: ₦100 ní 1999, ₦200 ní 2000, ₦500 ní 2001, ₦1,000 ní 2005. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé ₦1 àti ₦2 onírin jáde ní 2007, àwọn ọlọ́jà kò gbà á, àwọn onímọ́tò kò gbà á, kò sì pẹ́ tó fi rá mọ́ wa lójú. Lónìí, ọmọdé wà ní Okókomáíkò tí kò fọwọ́ kan ₦5 rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ; láàárín ọjọ́ mélòó kan, epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 ní lítà kan tẹ́lẹ̀ ti sún mọ́ ₦500 ní Èkó. Owó ọkọ̀ gun òkè. ₦1,000 àti ₦500 ni ẹ̀rọ ATM ń pọ̀ jáde, òun náà sì ni gbogbo èrò ń kó bọ̀ láàárọ̀.

Nítorí náà, kọ́ńdọ́ tó ń pariwo pé òun kò ní ṣéńjì, òótọ́ ló ń sọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ti lè tọ alágbe lọ láàárọ̀ láti gba owó kéékèèké lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lè bẹ ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti ra ṣéńjì ní gáréèjì, níbi tí ẹni tó tà á fún un ti yọ tirẹ̀ lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka títa náírà sí ẹ̀ṣẹ̀. Owó tó ná láti rí ṣéńjì yẹn, èrò kan kò ní san án padà fún un.

Báwo ló wá yẹ ká ṣe é? Kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀ ni kí ẹnu ti sọ̀rọ̀. "Kọ́ńdọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Barracks ni mò ń lọ, ẹgbẹ̀rún kan ló wà lọ́wọ́ mi o." Bí ó bá ní kí ẹ wọlé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe: ó ti gbà á, ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà sì ti di ẹlẹ́rìí. Bí ó bá ní rárá, ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá tètè sọ báyìí, òun ni kọ́ńdọ́ ń fi sọ́kàn bó ti ń gba owó ìjókòó iwájú. ₦200 tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ń tọ́jú rẹ̀ dè é. Ẹni tó dákẹ́ títí di ìgbà tí wọ́n béèrè pé "Owó ẹ̀yìn dà?", àjẹkù ṣéńjì ló máa kàn án, owó tó ti ya tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́" yẹn kì í ṣe àṣejù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń wọ dánfó tí wọ́n ń pe ọkùnrin tó lè bí wọn ní "ìwọ kọ́ńdọ́, mú ṣéńjì mi wá," nítorí pé ó dì mọ́ ẹnu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ sì ti ṣá. Ẹ wá wo kọ́ńdọ́ náà fúnra rẹ̀, tó ti bá àgbèrò méjì jà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ìyá àgbà kan bá gbé apẹ̀rẹ̀ dúró níwájú ọkọ̀, ohùn rẹ̀ á yí padà kíá: "Màmá, ẹ rọra o. Ẹ sún fún màmá. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ yín wá." Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nínú ọkọ̀, ilé ló ti gbé e wá. Ó yẹ kí èrò náà gbé tirẹ̀ wá láti ilé.

Ojúṣe ti kọ́ńdọ́ náà wà níbẹ̀, ó sì wúwo ju ti èrò lọ, torí ọwọ́ rẹ̀ ni owó olówó wà. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbèje. Kọ́ńdọ́ kan á gba ₦1,000 ní Máìlì Tú, á ní "ẹ fọkàn balẹ̀, màá fún yín," á máa fi orin sọ́rọ̀ títí ọkọ̀ á fi kọjá Trade Fair, tó bá sì yá, á yíjú síta. Ohun tó ń retí ni kí oorun gbé èrò lọ tàbí kí ó gbàgbé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn rẹ̀ wà lórí ìdánwò a sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà LASU, kò ní rántí àfìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń wọ Okóko. Olè jíjà ni, kò sí orúkọ mìíràn tó yẹ ká pè é. Kọ́ńdọ́ tó mọ iṣẹ́ ń san gbèsè kó tó béèrè owó tuntun, á na ṣéńjì sókè, á ní, "Ta ló ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́wọ́ mi?", gbogbo ọkọ̀ á sì mọ̀ pé ó ti san án.

Ṣùgbọ́n ibi tí àṣà yìí ti dùn jù ni ìgbà tí ṣéńjì bá tán pátápátá. Kọ́ńdọ́ á wo ẹni méjì tí kò mọ ara wọn rí, á ki ẹgbẹ̀rún náírà kan bọ ọ̀kan lọ́wọ́: "Àǹtí, ẹ̀yin àti bọ̀ọ̀dá tó wọ búlúù yẹn lẹ jọ ni ín o. Ẹ ní ọ̀ọ́dúnrún, wọ́n ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin." Ó parí. Ọkọ̀ ti lọ. Àwọn ará Èkó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kọ́ńdọ́ ti so yìgì, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó tí kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ yìí ní ìlànà tirẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà yìí mọ̀ ọ́n.

Èkíní ni pé ẹni tí ìpín rẹ̀ pọ̀ jù ló yẹ kó di owó náà mú, àfi bí àgbàlagbà bá wà nínú wọn. Ẹni tó bá dì í mú kò gbọdọ̀ ṣíwájú. Ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì ni yóò máa rìn, kí ọkàn onítọ̀hún lè balẹ̀. Bí wọ́n bá ní láti ra nǹkan kí owó náà tó lè fọ́, omi inú ọ̀rá tàbí gàlà, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló ń sanwó rẹ̀ nínú ìpín tirẹ̀. Kì í ṣe nínú ti àjọni. Bí oníṣòwò kan bá kọ̀ láti fọ́ ọ, wọ́n jọ ń lọ sọ́dọ̀ èkejì ni. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹni tó bá ní kí ẹnìkejì dúró de òun níbí, kí òun yára lọ wá ṣéńjì wá, ti gbin ìfura sí ojú ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò rere ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ máa ń le tí ọ̀nà bá pín. Ọ̀kan ń lọ sí Jakande Estate ní Ìbà, èkejì ń lọ sí Ìgàndó, kọ́ńdọ́ kò sì bi wọ́n kó tó so wọ́n pọ̀. Kọ́ńdọ́ ló jẹ̀bi níbẹ̀. Ó yẹ kó béèrè ibi tí èrò ń lọ kó tó ṣe é. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń so ẹni mẹ́ta pọ̀ sórí owó kan. Ẹni méjì lè bára wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta lórí ẹgbẹ̀rún kan, àríyànjiyàn ni. Kí kọ́ńdọ́ jọ̀wọ́ fi ìyẹn sílẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ wo irú àwọn tí owó ń so pọ̀ lójú ọ̀nà yìí. Ọmọ Ígbò tó ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ní Alábà, ìyá Ẹ̀gùn tó gbé ẹja bọ̀ láti Badagry, Hausa tó ń bọ̀ láti Alábà-Ràgó, ọmọ Àwórì tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ìbà kí ìjọba tó la ọ̀nà kankan. Wọn kò mọ orúkọ ara wọn. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn dáadáa. Lọ́jọ́ tó pọ̀ jù, wọ́n ń pín owó náà, wọ́n ń dúpẹ́, kálukú sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ìlú tó ń ṣe èyí lójoojúmọ́ kò bàjẹ́ tó bí àwọn oníròyìn ti ń wí.

Ìgbà kan wà tí kì í ṣe ṣéńjì nìkan ló wọ́n. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Owó tuntun jáde nínú oṣù Kejìlá, ó sì di oṣù kejì ọdún 2023 kí owó tó wọ́n bí ojú. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní kí á máa ná ti àtijọ́ lọ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà, tiránsífà ti wọ inú dánfó. Kọ́ńdọ́ á ka nọ́ńbà àkáǹtì sókè, ìjókòó ẹ̀yìn á tún un kà, iwájú á ní òun kò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn, orúkọ tó bá jáde lórí fóònù á sì yàtọ̀ sí ti kọ́ńdọ́, torí àkáǹtì ìyàwó rẹ̀ ni. Ìlànà ti èyí kò le: kí èrò fi owó náà ránṣẹ́ ní kété tó bá jókòó, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró de bọ́sítọ́ọ̀bù. Ẹni tó dúró dìgbà tó kù díẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀, tó wá ń sọ pé "ó ti lọ, ó ti lọ," ń dá gbogbo ọkọ̀ dúró.

Àwọn tí kọ́ńdọ́ so pọ̀ náà ti ń lo tiránsífà báyìí: ẹni tó di owó mú á fi ìpín ẹnìkejì ránṣẹ́ sí i. Ó dára, ó sì yá. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ báńkì orí fóònù, nọ́ńbà fóònù náà ni nọ́ńbà àkáǹtì. Ọkùnrin tó bá gba nọ́ńbà ọmọbìnrin kan nítorí ₦300, tó wá pè é lálẹ́ láti béèrè bóyá ó délé, ti ṣe ohun tí kò tọ́. Orí ṣéńjì ni nọ́ńbà náà wà, kò kọjá ibẹ̀.

Ibòmíràn wà tí ọ̀rọ̀ ṣéńjì ti tán: ní London, bọ́ọ̀sì kò gba owó bébà tàbí onírin lọ́wọ́ èrò mọ́ láti ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 2014. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ń fi káàdì kan ẹ̀rọ ni, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Reluwé Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Marina sí Máìlì Tú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ń lo káàdì bẹ́ẹ̀, Cowry ni wọ́n sì sọ ọ́, orúkọ owó ẹyọ lédè òyìnbó. Okókomáíkò ni wọ́n ní ọkọ̀ náà yóò dé nígbẹ̀yìn. Ẹni tó bá bá a bọ̀ kò ní bá kọ́ńdọ́ kankan jiyàn lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ojú irin náà kò wọ inú Ìbà. Ẹni tó ń lọ sí Estate yóò tún wọ kẹ̀kẹ́, níbi tí kò ti sí kọ́ńdọ́, tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ni awakọ̀ fi ń ka owó, tó fi ìkejì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí èrò ti sọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jókòó, kó sì na owó náà sí i nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá dúró nínú gósúlóò, kì í ṣe nígbà tó bá ń sáré yẹra fún kòtò.