Òkúta Àtijọ́ Lára Ilé Tuntun

Bí bàbá àgbà bá papò dà, tí a sì bí ọmọkùnrin sínú ilé rẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà náà, Babátúndé ni à ń sọ ọmọ náà. Ìkókó yìí kò mọ ààlà oko tí bàbá àgbà fi sílẹ̀, kò sì lè dárúkọ ẹni tí ó jẹ olóògbé ní gbèsè. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dìde níbi ìkómọ kí ó wí pé irọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ń pa. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò wò ni èyí: àyè tí a fi gba ènìyàn láti padà wá, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi gba ilé?

Ìlú kékeré kan ń bẹ ní ìpínlẹ̀ New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́bàá odò Hudson. Rhinebeck ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Họ́láǹdì wà lára àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí agbègbè náà, òkúta tí wọ́n ṣà nínú oko ni wọ́n sì fi ń mọlé. Ìdílé Kip kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ní 1700. Iná jó o ní 1910, ó sì di àlàpà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, tí ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ fún ìlú náà, ilé Kip ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n ṣa òkúta nínú àlàpà náà, wọ́n sì fi mọ iwájú ilé tuntun. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 1939, Ààrẹ Franklin Roosevelt fúnra rẹ̀ wá síbi ayẹyẹ ilé náà, àrẹ̀mọ ọba Denmark sì bá a péjú síbẹ̀. Láìpẹ́ lẹ́yìn èyí, Olin Dows, tí ó jẹ́ ará agbègbè náà, ya ìtàn ìlú sára ògiri inú ilé yí ká.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ bí a ti ń kọ́ ilé ìgbàlódé. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ìjọba ń kọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ káàkiri kí àwọn ènìyàn lè rí iṣẹ́ ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jọra bí ẹni pé ìyá kan náà ni ó bí wọn. Roosevelt jẹ́ ọmọ Hyde Park nítòsí ibẹ̀, ìran baba rẹ̀ sì ti Họ́láǹdì ṣẹ̀ wá. Kò fẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún agbègbè tirẹ̀. Òkúta ni ó fẹ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ Hyde Park pàápàá, ilé àtijọ́ kan ni wọ́n wò kọ́ ọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ yìí yóò rí ọ̀rọ̀ sọ. Yóò ní ilé náà ń pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́: lẹ́yìn ògiri òkúta yẹn, káńtà tí a ti ń ta sítáǹpù ni a ó bá, kì í ṣe ààrò. Yóò sì tún béèrè pé ìtàn ta ni òkúta náà ń pa. Ní ìpínlẹ̀ New York, títí di 1827 ni òfin fi gba ènìyàn láyè láti fi ọmọlàkejì ṣe ẹrú, àwọn kan sì ti ń gbé lórí ilẹ̀ náà kí aláwọ̀ funfun tó dé. Ilé olówó ni ó padà wá. Ta ni yóò ṣe àwòkọ́ṣe ahéré ẹrú?

Ọ̀rọ̀ kejì yìí wúwo, n ó sì padà sórí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni n kò gbà. Irọ́ kò sí níbi tí a kò ti fi ohunkóhun pamọ́. Orúkọ Babátúndé kò fún ọmọ ní ogún ju ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ; ẹrù ni ó gbé lé e lórí, nítorí gbogbo ẹbí ni yóò máa ṣọ́ bí yóò ti hùwà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òkúta Rhinebeck. Nígbà tí ó wà lára ilé àtijọ́, ẹbí kan ṣoṣo ni ó ń bò. Láti ìgbà tí ó ti di ti ilé ìfìwéránṣẹ́, olówó àti alágbàṣe jọ ń tò sẹ́yìn ara wọn níbẹ̀. Òkúta náà padà wá, ìwà rẹ̀ sì sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn. Ilé alámọ̀ tí bàbá bàbá mi kọ́ wó lápá kan nígbà òjò, ẹbí sì pe ìpàdé lé e lórí. Àbúrò bàbá mi ní kí a wó o tán, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí a ó máa gba owó rẹ̀. Èmi tí mo kàwé dìde, mo ní kí a tún un kọ́ bí ó ti wà gan-an: ilẹ̀kùn gbígbẹ́ rẹ̀, òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ mi dùn létí ara mi. Ìyá Àgbà, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wò mí títí.

“O káre, ọmọ mi. Ìgbà wo ni o sùn níbẹ̀ kẹ́yìn?”

N kò lè dáhùn.

“O ní ohun gbogbo. Yàrá ìwọ̀fà tí ó wà lẹ́yìnkùlé ńkọ́?”

Ilé pa rọ́rọ́. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ yàrá náà lójú mi rí. Ibẹ̀ ni àwọn tí ẹbí wọn yá owó lọ́wọ́ bàbá àgbà ti ń sùn, tí wọ́n ń fi oko ríro dí èlé owó náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kejì ti bá mi. Ohun tí mo ń pè ní ohun gbogbo, iwájú ilé lásán ni. Bí a bá gbà pé ilé a máa padà wá, a gbọ́dọ̀ gbà pé kò lè fi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sílẹ̀ kí ó wá. Lójú tèmi, ó tọ́ kí a tún ilé àtijọ́ kọ́, bí yóò bá wúlò fún ènìyàn ju ti ìṣáájú lọ, tí a kò sì ní tìtorí ẹwà rẹ̀ gbàgbé àwọn tí wọ́n jìyà nínú rẹ̀.

A ti tún iwájú ilé náà mọ. Ilẹ̀kùn àtijọ́ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń kàwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Koríko ni ó bo ẹ̀yìnkùlé. Àbúrò bàbá mi ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a má baà hú òkú ọ̀rọ̀ jáde. Èmi ní kí a mọ yàrá náà, kí a sì kọ orúkọ àwọn tí wọ́n sùn níbẹ̀ sára ògiri rẹ̀. A ó tún pàdé lẹ́yìn ọdún egúngún. Ìyá Àgbà mọ mẹ́ta nínú àwọn orúkọ náà. N kò tíì rí ẹni tí ó mọ ìyókù.