Òórùn Káńfọ̀ Lára Ìlù Àtijọ́

Àpá kan wà ní ẹ̀yìn ọwọ́ òsì mi. Ó fẹ̀ tó ewé efinrin, ó sì ń dán bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa á. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń bi mí pé kí ló ṣe mí níbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ fún wọn láìfi nǹkan kan pamọ́. Nísinsìnyí tí mo ń rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń wá ìlù àtijọ́ kiri, tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di tuntun, mo rí i pé kò yẹ kí n dákẹ́ mọ́.

Bàbá mi ló ra ìlù òyìnbó àkọ́kọ́ tí mo ní, ní Ìbàdàn, lọ́dún 1978. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Ẹgbẹ́ olórin kan tó máa ń ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì ló tú ká. Jùjú ti gba òde lọ́wọ́ highlife, ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ń ta irinṣẹ́ wọn. Télọ̀ ni bàbá mi. Nígbà tí àjọ kàn án, ó kó owó náà, ó fi ra ìlù Premier tí wọ́n ṣe nílùú Òyìnbó. Ó fi aṣọ bò ó wálé. Nígbà tó ká aṣọ náà kúrò, mo rí ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ lù, ìlù tó dúró lórí irin mẹ́ta, kékeré tó ń jókòó lórí ìlù ńlá, snare, àti aro méjì. Ike tó ń kọ mànà bí inú ìkarahun ni wọ́n fi wé gbogbo ara wọn. Lójú mi, wọ́n funfun bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi lù ú. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ló kọ́ mi, òun náà ti lùlù ní òtẹ́ẹ̀lì rí. Yóò gbé àwo Fẹlá sí i, yóò ní kí n má gbọ́ orin o, kí n gbọ́ ẹsẹ̀ Tony Allen nìkan. Ọmọ Èkó ni Tony Allen, fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní ìlù, lọ́dún 1964 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í lùlù fún Fẹlá. Mo ń gbìyànjú, ẹsẹ̀ mi ń kọsẹ̀, bàbá mi á sì máa rán aṣọ lọ nínú yàrá kejì, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nígbà míì, ẹsẹ̀ tiwa méjèèjì á bá ara mu. Kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí, èmi náà kò sọ.

Lọ́dún 1984, mo rí ilé ìwé gíga wọ̀. Nígbà tí mo darí dé láti ibi tí mo ti lọ gba fọ́ọ̀mù, ìlù kò sí nílé mọ́. Ojú ihò mẹ́ta tí irin ìlù ti gbẹ́ sára símẹ́ńtì nìkan ló kù. Bàbá mi ti tà á, ó fi owó rẹ̀ san owó ilé ìwé mi.

Bàbá mi di olóògbé lọ́dún 2006. Nígbà tí ìrántí ọdún kẹwàá ń bọ̀, mo lọ síbi ayẹyẹ kan ní Abẹ́òkúta. Nínú yàrá ìkẹ́rùsí ṣọ́ọ̀ṣì kan, lẹ́yìn àwọn àga tí ẹsẹ̀ wọn ti kán, mo rí ìlù Premier kan tí ó jọ tèmi bí ìbejì. Ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń mu tábà. Mo fi àtàǹpàkò nu eruku ara rẹ̀, mo ń nù ún títí ibẹ̀ fi gbóná. Òórùn kan jáde. Òórùn káńfọ̀ ni, bíi ti inú àpótí tí ìyá mi ń kó aṣọ òkè sí. Omijé bọ́ lójú mi. Mo rò pé àmì ni, pé bàbá mi ló ń kí mi.

Àmì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ṣi í kà.

Mo san ₦85,000, mo gbé ìlù náà lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí ọjọ́ ìrántí pé. Mo pinnu pé lọ́jọ́ náà, ìlù yìí gbọ́dọ̀ funfun bí tèmi ṣe funfun lọ́jọ́ tí bàbá mi ṣí aṣọ lórí rẹ̀, kí n sì lù ú lójú gbogbo ẹbí.

Mo kọ́kọ́ gbé e lọ han bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ ìdílé Àyàn, tó mọ dùndún í lù tó sì mọ ọ́n ṣe. Ó fi èékánná kan ara ìlù náà, ó tẹ́tí sí i. Ó ní, “Igi yìí ṣì ń sọ̀rọ̀. Kí lẹ fẹ́ ṣe fún un?” Mo ní mo fẹ́ bó ike ara rẹ̀, kí n fi tuntun wé e, kí n sì ra awọ tuntun. Ó mi orí. Ó ní, “Ìyáàlù tí mò ń lù yìí, bàbá bàbá mi ló ni igi rẹ̀. Awọ là ń pààrọ̀, ọsán là ń pààrọ̀, a kì í fọwọ́ kan igi. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ wá fẹ́ bọ́ àkísà ara àgbà dànù.” Mo dúpẹ́, mo kúrò níbẹ̀. Nínú ọkàn mi, mo ní bàbá ò mọ ìlù òyìnbó.

Awọ tuntun tí mo ra kò wọ ìlù náà. Ó kù díẹ̀ kó bọ́ sórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ni mo tó mọ ìdí: kí ọdún 1970 tó dé, àwọn Premier àtijọ́ fẹ̀ díẹ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà lọ, ìwọ̀n Amẹ́ríkà yìí sì ni gbogbo ayé ń lò lónìí. Awọ ìgbàlódé kò lè wọ̀ wọ́n wẹ́kú. Bí mo bá ti fi tépù wọn ìlù kí n tó ná owó, ǹ bá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n káfíńtà tó ń bá mi ṣe é ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó fi sáńpépà ha ẹnu ìlù kékeré náà yíká títí awọ fi wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó hà dànù. Ẹnu ìlù, ibi tí igi ti pàdé awọ, ni ohùn ìlù wà. Wọ́n gé e lọ́nà pàtó, ó tẹ́jú dọ́gba yíká, kí awọ lè jókòó sórí rẹ̀ láìsí àlàfo. Nígbà tí a dè é tán, mo lù ú. Ohùn rẹ̀ dún bí ẹni ń lu páálí. Mo yí bóòtù, mo tú u, mo tún un dè, páálí náà ni. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní ń nini lára. Mo mọ òwe yìí láti kékeré, àmọ́ ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù mí kù.

Ìlù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló kàn. Ike ara rẹ̀ kọ̀, kò bó. Mo yá irinṣẹ́ iná gáàsì tí àwọn tó ń tún fìríìjì ṣe máa ń fi jó páìpù, mo ní kí iná ra á díẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ káfíńtà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló bá mi di ìlù náà mú. Mo fi iná súnmọ́ ọn.

N kò rí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni “fùù”, bí ìgbà tí èèyàn bá da kẹrosíìnì síná. Iná pupa rẹ́súrẹ́sú kan yí ìlù náà ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ náà ju ọwọ́ sílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti jó. Mo fa àpò tó tutù kan, mo fi bò ó, mo sì fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí iná lè kú. Iná náà kò kú. Ó ń jó lábẹ́ àpò tútù, lábẹ́ ọwọ́ mi. Nígbà tí wọ́n fi garawa omi mẹ́ta pa á, ike ti jó tán, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra sì ti ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ewé ìwé.

Orúkọ ike náà ni celluloid. Òwú tí wọ́n fi ásíìdì ṣe ni wọ́n pò mọ́ káńfọ̀ láti fi ṣe é. Òun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù sinimá títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, kí wọ́n tó pa á tì nítorí iná tó ń ṣọṣẹ́. Òun ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì orí tábìlì títí di 2014, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike mìíràn rọ́pò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí iná ń jẹ ti wà nínú ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí bíbò ó mọ́lẹ̀ kò fi pa á. Òórùn káńfọ̀ tó mú mi sunkún ní Abẹ́òkúta, òun gan-an ni ìlù náà fi ń kìlọ̀ fún mi. Bí àárò kò bá bò mí lójú, ǹ bá bi ara mi pé kí ni káńfọ̀ ń wá lára ìlù.

Wọ́n gbé èmi àti ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ hù padà, ojú rẹ̀ sì yè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo lọ kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Obìnrin náà dárí jì mí, ṣùgbọ́n ó ní, “Alàgbà, ìlù yín ni, ọmọ mi sì ni.” Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí dòní.

Ìyá mi wá kí mi nílé. Mo ń ṣàlàyé fún un pé mo kàn fẹ́ kí ìlù náà funfun bíi ti bàbá. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Àkànní, ìlù wo ló funfun? Láti ọjọ́ tí bàbá yín ti gbé e wọlé ló ti pọ́n. Èmi ni mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí tó fi rẹ̀ mí. Bàbá yín ní kí n fi sílẹ̀, pé ọmọ ò wo àwọ̀, ohùn ló ń gbọ́.”

Mo jókòó fún ìgbà pípẹ́. Iná tí mo dá, igi tí mo bàjẹ́, ewu tí mo fi ọmọ ọlọ́mọ wé, gbogbo rẹ̀ jẹ́ nítorí ìlù funfun kan tí kò sí láyé rí. Ohun tí mo ń wá kò sí lára ike. Ẹsẹ̀ bàbá mi lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń wá, ta ni yóò sì fi sáńpépà tàbí iná mú ìyẹn padà?

Snare àti ìlù ńlá ṣì wà tí n kò fọwọ́ kàn. Mo padà sọ́dọ̀ bàbá Àyàn, mo dọ̀bálẹ̀. Kò bá mi wí. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ nu ara wọn, ó fi epo ẹ̀rọ kan àwọn bóòtù. Ó rẹ awọ ewúrẹ́ sómi mọ́jú, ó ká a mọ́ òrùka igi tó wọn ìlù náà wẹ́kú, ó sì jẹ́ kó gbẹ lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òyìnbó ṣe ń fi awọ ọmọ màlúù bo ìlù wọn kí awọ oníke tó gbòde lẹ́yìn 1957. Ìrántí ti kọjá ní oṣù méjì nígbà tí mo lù wọ́n fún ìyá mi nínú pálọ̀. Wọ́n pọ́n, wọ́n sì dún dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ohun àtijọ́ lọ́wọ́, ohun tí mo rí kọ́ rèé. Ẹ fi àtàǹpàkò ra ike rẹ̀ kó gbóná, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá rùn bíi káńfọ̀, iná kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ta iná. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ra awọ. Ẹ má ṣe gé igi rẹ̀ kí ohun tuntun lè bá a mu. Ohun tuntun ni kí ẹ wá tí yóò bá igi mu. Èyí tí a lè dá padà bó ṣe wà ni kí ẹ pààrọ̀, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Kí ẹ tó ṣe ìkankan nínú rẹ̀, ẹ bi ẹnì kan tó wà níbẹ̀ nígbà náà léèrè pé báwo ló ṣe rí gan-an.

Ọmọ iṣẹ́ ọjọ́sí ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí. Mo yà síbẹ̀ láìpẹ́ yìí, mo bá a níbi tí ẹnì kan ti gbé rédíò àtijọ́ wá fún un kó tún àpótí rẹ̀ ṣe. Kó tó fa irinṣẹ́ kankan yọ, ó fi àtàǹpàkò ra bọ́tìnnì ara rédíò náà títí, ó gbé e sí imú, ó sì wò mí.