Àmúlùmálà Ni Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àgbagbà

Ní Sheda, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kwali, létí ọ̀nà tó ti Àbújá lọ sí Lókòjà, ni SHESTCO wà, ibùdó ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohun ọ̀gbìn. Ọ̀nà yẹn kan náà ni ọkọ̀ tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti gúúsù ń gbà wọ Àbújá. Ohun tí onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí lè bi irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni pé, ṣé ó tọ́ kí ènìyàn da irú kan pọ̀ mọ́ òmíràn, nígbà tí Ẹlẹ́dàá ti fún kálukú ní irú tirẹ̀? Lójú tèmi, ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń kọjá lọ ti dáhùn.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó méjì láti Éṣíà ló bí àgbagbà: Musa acuminata àti Musa balbisiana, tí kóró líle kún inú àwọn méjèèjì. Ọ̀wọ́ àbùdá mẹ́ta ló wà nínú àgbagbà, méjì láti ara ti àkọ́kọ́, ẹyọ kan láti ara èkejì. Mẹ́ta kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ìdí nìyẹn tí kò fi ní kóró, tí a fi ń jẹ dodo wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tí à ń pè ní ojúlówó yìí, àmúlùmálà tó ti pẹ́ ni. Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bí a ṣe ń lò ó lọ, torí ọmọ ọ̀hún gan-an ni ìyá, kò sí ẹ̀jẹ̀ tuntun lára rẹ̀. Nígbà tí àrùn Sigatoka dúdú tó ń jó ewé wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1986, kò sí àgbagbà kan tó lè kọ̀ ọ́; ohun tó mú ìyá náà ló mú ọmọ. Àwọn onímọ̀ IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ló fi eruku òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó kan, Calcutta 4, sí òdòdó àgbagbà wa tó ń jẹ́ Obino l'Ewai. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbagbà kì í sábà ní kóró, díẹ̀ jáde, ó hù, àwọn kan lára ọmọ náà sì ń bá àrùn náà fà á.

Ẹnìkan lè ní ti igbó ni ti Ọlọ́run, ti ibùdó ìwádìí ni ti ènìyàn. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ ohun tí kò ní kóró kò lè dá rin láti Éṣíà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọwọ́ ènìyàn ló yà á sọ́tọ̀, òun náà ló gbé e dé Áfíríkà, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Bákan náà, ẹni tó gbé eruku òdòdó kọ́ ló fi agbára ìhù sínú kóró tó jáde. Ó bá a níbẹ̀ ni. Ṣé gbogbo ohun tí oníṣòwò irúgbìn bá gbé dé la máa wá gbà nìyẹn? Rárá o. Irúgbìn tí àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rà lọ́dọọdún, olówò ni kí a bá wí, kí a fi àdàlù sílẹ̀. Àgbagbà tuntun ti IITA ń yọ ọmọ nídìí bíi ti àtijọ́, àgbẹ̀ sì lè wú u fún aládùúgbò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.