Ǹjẹ́ Ilé Ní Ìwà Bí?

Àwọn àgbà wa gbà pé ìwà lẹwà. Ènìyàn ni a sábà máa ń pa òwe náà mọ́: bí ẹnì kan bá dára bí egbin, tí ìwà rẹ̀ kò sunwọ̀n, a ó ní ẹwà rẹ̀ kò pé. Ṣùgbọ́n bí a bá mú òwe yìí kúrò lára ènìyàn, tí a gbé e ka orí ilé, kí ni yóò wí? Ilé tí ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ìyà àwọn ẹlòmíràn ni a fi gbé e dúró, ṣé a lè pè é ní arẹwà? Èyí kì í ṣe ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ fi ń dárayá lásán. Ẹni tí ó bá kó ọmọ rẹ̀ lọ wo ahoro àti ilé ìsìn àtijọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò sọ fún un.

Ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, ni ìbéèrè náà ti dojú kọ mí. Àwọn Potogí ni ó tẹ ìlú yìí dó ní ọdún 1549, òun sì ni olú-ìlú Bràsíl títí di ọdún 1763. Ọdún 1888 ni wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú ní ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Nàgó, ni ogun àti òwò kó débẹ̀, pàápàá jù lọ ní ìgbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń dàrú. Ní ọdún 2018, iṣẹ́ gbé mi lọ síbẹ̀. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì bá mi lọ, a sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìrìn afẹ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco ni a kọ́kọ́ wọ̀. Ọdún 1708 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Igi gbígbẹ́ tí wọ́n fi wúrà bò ló kún inú rẹ̀, láti ilẹ̀ dé òkè. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Ọwọ́ wo ló ṣe èyí?" Mo ṣàlàyé pé oko ìrèké àti ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ni ọrọ̀ ilẹ̀ náà ti wá nígbà náà, ẹrú ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọbìnrin mi ní, "Bàbá mi, ṣé ó wá tọ́ kí ó dùn mọ́ wa tó báyìí?" Àbúrò rẹ̀ kò jẹ́ kí n dáhùn: "Bó bá ṣe tèmi ni, wọn ì bá ti wó o."

N kò bá a jiyàn. Ibi tí ó kàn wá lójú ọ̀nà ni Praça da Sé, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àgbà ìlú náà wà rí. Ní ọdún 1933, wọ́n wó o nítorí ọ̀nà ọkọ̀ tíráàmù. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni a rí. Tíráàmù tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wó ṣọ́ọ̀ṣì náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Lóòótọ́, kì í ṣe nítorí ẹ̀dùn ẹrú ni wọ́n ṣe wó o. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, èrè wo ni ẹrú ì bá jẹ níbẹ̀? Ilé wó, ẹ̀bi kò bá a wó. Ẹlẹ́rìí ni ilé àtijọ́. Ẹni tí ó bá pa ẹlẹ́rìí kò tíì dá ẹjọ́.

Láti ibẹ̀ a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Pelourinho. Òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà ni orúkọ yìí ń tọ́ka sí. Níbẹ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos wà, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú nínú ìjọ Àgùdà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1704. Ìtàn wọn ni pé bí iṣẹ́ olówó wọn bá parí ní ọ̀sán, òru ni wọ́n fi ń kọ́ ilé Ọlọ́run tiwọn, ó sì gbà wọ́n tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Kí á má ṣe gba ìyìn oníyìn: ará Àǹgólà pọ̀ nínú àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Títí di òní, a máa ń lu ìlù nínú ìsìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun níbẹ̀. Ọmọkùnrin mi kò sọ pé kí wọ́n wó èyí.

Ibí ni èrò mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí múlẹ̀. Nínú èdè wa, "wà" ni "ìwà" ti wá: bí nǹkan ṣe wà ni ìwà rẹ̀. Bí ilé ṣe di ilé, ẹni tí ó ru òkúta rẹ̀, ohun tí a ń lò ó fún, gbogbo rẹ̀ ni ìwà ilé. Ṣọ́ọ̀ṣì méjèèjì yìí dùn-ún wò, ìwà wọn kò dọ́gba. Síbẹ̀, bí mo bá pe wúrà São Francisco ní ohun ẹ̀gbin, ta ni mo bú? Olówó ẹrú ti kú. Ọwọ́ oníṣẹ́ ló kù lára igi náà. Wọn kò san owó iṣẹ́ fún ẹrú nígbà ayé rẹ̀. Bí a bá tún du òkú rẹ̀ ní ìyìn, a jà á lólè lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹnì kan lè sọ pé irú ìyìn bẹ́ẹ̀ ni ó ń fọ ọlọ́rọ̀ mọ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. A máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. A kì í bi ara wa léèrè ẹni tí ó ru amọ̀ tí a fi tún un kọ́. Nítorí náà, kí ìyìn má ṣe dá wá láìsí ìbéèrè. Kí ìbéèrè náà sì dé ọ̀dọ̀ àwa náà. Nígbà tí wọ́n mú Àjàyí, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, lẹ́rú ní Ọ̀ṣogùn ní ọdún 1821, ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tí ó mú un. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Barroquinha ni a parí ìrìn náà sí. Nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì yìí, gẹ́gẹ́ bí ìtàn wọn, ni àwọn obìnrin Nàgó ti dá ilé òrìṣà kan sílẹ̀, èyí tí ó ṣí lọ sí ibòmíràn, tí a mọ̀ lónìí sí Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó Ọkà. Oyè olùtọ́jú Ṣàngó Aláàfin ni Ìyá Nàsó ní Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1984, ìjọba Bràsíl gba ilé òrìṣà náà wọlé gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Ní ọdún kan náà, iná sọ ṣọ́ọ̀ṣì Barroquinha di ahoro. Wọ́n tún un ṣe, ó sì di ilé àṣà ní ọdún 2009. Ìwà ilé, bí ìwà ènìyàn, kò tán síbi ìbí rẹ̀. Àwọn tí ń wọ inú rẹ̀ lè tún un dá.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, àjà São Francisco já lulẹ̀, ó sì pa ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó wá wò ó. Ṣé ó yẹ kí a náwó tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe? Ó yẹ, bí a kò bá ní fi ọ̀dà bo ìtàn rẹ̀. Àwa náà ní ẹjọ́ láti rò. Ilojo Bar, ilé tí àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíl dé kọ́ sí Tinúbú ní Èkó, ni ìjọba kéde gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá ní ọdún 1956. Ní ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọwọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ nínú ìgbèkùn ló kọ́ ilé náà sílé, àwa tí a wà nílé la sì pa ẹ̀rí rẹ̀ run. Kí á tó béèrè ìwà ilé àtijọ́, ó tọ́ kí á yẹ ìwà tiwa sí i wò.