Bí Mẹ́gáàdì Bá Ṣílẹ̀kùn fún Olè

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ la sábà máa ń fi òwe yìí sọ. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n mú un wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ lónìí, nítorí ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó kan gbogbo wa. Bí ohun tí a fi ń dáàbò bo ènìyàn bá lè ṣe é ní jàǹbá nígbà mìíràn, ṣé kí ẹni tó mọ̀ sọ ọ́ síta ni, àbí kó panu mọ́ kí ẹ̀rù má baà ba ará ìlú?

Bí àrùn bá wọ ara, ara a máa ṣe èròjà kan tí àwọn dókítà ń pè ní antibody. Iṣẹ́ mẹ́gáàdì ló ń ṣe. Yóò rọ̀ mọ́ kòkòrò àrùn, yóò dì í lọ́wọ́ mú kó má lè wọ ibi tó fẹ́ wọ̀, yóò sì fà á lé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n gbé e mì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn mẹ́gáàdì yìí kò di olè mú dáadáa, etí aṣọ rẹ̀ ló kàn dì mú. Sẹ́ẹ̀lì funfun rí mẹ́gáàdì tó mọ̀, ó ṣílẹ̀kùn fún un, olè sì bá a wọlé láàyè. Bó bá wá jẹ́ irú kòkòrò tó lè gbé inú sẹ́ẹ̀lì yẹn, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti máa bí sí i.

Àwọn ológbò ní kòrónà tiwọn, tó yàtọ̀ sí tiwa, tó sì lè pa wọ́n. Ní 1990, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n gún àwọn ọmọ ológbò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n wá fi àrùn náà kàn wọ́n. Ẹ gbọ́ ná o: àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ kú.

Ti ènìyàn náà ń bẹ. Ìwádìí kan ní 2020 yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 987 wò, àwọn tí àrùn Kòrónà dá wó gidigidi. Lára 101 nínú wọn, antibody tiwọn fúnra wọn ló ń gbógun ti interferon, ìyẹn èròjà tí ara fi ń kéde pé ogun dé. Ọkùnrin ni 95 nínú àwọn 101 yìí. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló fà á, abẹ́rẹ́ Kòrónà kò tíì jáde nígbà yẹn. Ṣe ló dà bí ẹni pé mẹ́gáàdì lọ fi aṣọ di akígbe ìlú lẹ́nu ní òru ọjọ́ tí ogun dé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọ́n á ní, ta ló rán ọ níṣẹ́? Ìyá tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ológbò yìí, ṣé yóò tún gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Ẹ wo Philippines. Ní 2016, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní abẹ́rẹ́ fún dengue, ibà kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Ọmọ tó gbà á lé ní 800,000. Dókítà Scott Halstead, ará Amẹ́ríkà tó ti ń wádìí dengue láti ọdún pípẹ́, ti ń kìlọ̀. Ní November 2017, Sanofi tó ṣe abẹ́rẹ́ náà kéde fúnra rẹ̀ pé ọmọ tí dengue kò ṣe rí, abẹ́rẹ́ yìí lè mú kí àrùn náà le jù bó ti yẹ lọ nígbà tó bá dé. Ìjọba dá a dúró. Inú bí àwọn òbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kọ àwọn abẹ́rẹ́ mìíràn pẹ̀lú. Nígbà tí èéyi, tí òyìnbó ń pè ní measles, jà níbẹ̀ ní 2019, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló bá a lọ, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹni tó fẹ́ kí n panu mọ́ lè gbá ìtàn yìí mọ́ mi lẹ́nu: ṣebí ìkéde ló lé àwọn òbí sá? Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ èéyi kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ká àwọn òbí lára ni pé ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ tán kí wọ́n tó gbọ́. Ìyá tí a bá sọ fún ṣáájú lè kọ̀, ó sì lè gbà. Bó bá gbà, ẹrù tó mọ bó ṣe wúwo tó ló gbé. Èyí tí a fi pamọ́ fún, a ti bá a yàn láìbi í, ire ìbáà jẹ́ lọ́kàn wa.

Ìbẹ̀rù ológbò yìí kan náà ló mú kí àwọn tó dán abẹ́rẹ́ Kòrónà wò ní 2020 máa ṣọ́ ọ. Ènìyàn tó lé ní 30,000 ni Moderna lò, ìdajì gba abẹ́rẹ́, ìdajì gba omi iyọ̀ lásán. Àwọn 30 tí àrùn náà le lára wọn, inú àwọn olómi iyọ̀ ni gbogbo wọn wà pátá. Mẹ́gáàdì ọ̀tẹ̀ yìí kò dé síbẹ̀.

Nítorí náà, bí ìyá ọlọ́mọ bá bi nọ́ọ̀sì pé ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jà, kí nọ́ọ̀sì má ṣe jágbe mọ́ ọn. Kó sọ ti ológbò fún un, kó sọ ti Philippines, kó sọ ti àwọn 30 yẹn náà. Kó wá fi abẹ́rẹ́ lélẹ̀ sórí tábìlì, kó dúró gbọ́ èsì.